Villads Oníbúrẹ́dì àti Ọkọ̀ Inú Ṣọ́ọ̀ṣì

Àsíá ni Villads Krogh kọ́kọ́ ṣì. Ó kan ọkọ̀ kékeré kan tí gígùn rẹ̀ kò ju apá ọmọdé lọ. Pákó àpótí bọ́tà ló fi ṣe ara rẹ̀, aṣọ ìnuwọ́ àtijọ́ ló fi ṣe ìgbòkun, ó sì gbé e sí ojú fèrèsé ilé búrẹ́dì rẹ̀ ní Bregnehavn, ìlú kan létí òkun, láàárín búrẹ́dì dúdú àti kringle, búrẹ́dì dídùn tí a tẹ̀ bí òrùka. Ìgbòkun náà wú síwájú bí ikùn ẹni tó jẹun yó, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n àsíá tó lẹ̀ mọ́ orí òpó ń fẹ́ lọ sẹ́yìn.

Ọ̀gá Asmus Friis, tó fi ọgbọ̀n ọdún jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì, wọlé wá ra búrẹ́dì. Ó dúró ti ojú fèrèsé náà fún ìgbà pípẹ́.

"Villads, níbo ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí ọkọ̀ rẹ yìí?"

"Láti ẹ̀yìn ni, Ọ̀gá Asmus. Ṣé ẹ ò rí ìgbòkun ni?"

"Mo rí ìgbòkun. Àsíá ni mò ń bi ọ́."

"Àsíá ń fẹ́ lọ sẹ́yìn."

"Atẹ́gùn ń ti ẹ̀yìn bọ̀, àsíá ń fẹ́ lọ sẹ́yìn. Atẹ́gùn méjì ló wà nínú ọkọ̀ rẹ nìyẹn: Ọlọ́run ló ni ọ̀kan, ìwọ lo ni èkejì."

Kí ó tó di ọ̀sán, gbogbo etíkun ti gbọ́. Àwọn kan a máa sọ pé ọdún kan gbáko ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Ọ̀gá Jeppe Rold bọ́ sómi níbi tó ti ń fi han àwọn ènìyàn bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà èbúté láìbọ́ sómi, ẹ̀rín sì rí ibòmíràn lọ.

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni Villads nígbà náà. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti jogún ilé búrẹ́dì. Ní Bregnehavn, ọkùnrin tí kò bá lọ sókun, àwọn ènìyàn a máa bi ìyá rẹ̀ léèrè bóyá àìsàn kan ló ń ṣe é. Villads lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó sì wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Newfoundland. Kí ọkọ̀ náà tó kọjá ẹnu èbúté, ó ti bì lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ọ̀gá ọkọ̀ sì ní kí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ afinimọ̀nà kí wọ́n dá a padà sílé. Gbogbo ìrìn àjò rẹ̀ lórí òkun, bí a bá wọ̀n ọ́n dáadáa, kò pé irínwó mítà.

Ìdí nìyẹn tí kò fi lè jókòó lórí Bẹ́ńṣì Irọ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwọ̀n tó wà létí èbúté ni bẹ́ńṣì náà wà. Ó ní àwọ̀ ewé, ó sì gba ènìyàn mẹ́fà. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ márùn-ún tó ti fẹ̀yìn tì ló máa ń jókòó síbẹ̀ láti aago méjì títí di márùn-ún, tí wọ́n á máa fa kòkò tábà, tí wọ́n á sì máa purọ́. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹni tí kò bá tíì fi ọkọ̀ kọjá ìlà agbedeméjì ayé kò gbọdọ̀ fi ìdí kàn án. Ní aago mẹ́ta lójoojúmọ́, Villads a gbé kringle tó ṣẹ́kù wá fún wọn. Wọ́n á jẹ ẹ́. Òun a dúró, a gbọ́ ìtàn kan tàbí méjì, a sì gba àwo rẹ̀ padà. Ogún ọdún ló fi dúró bẹ́ẹ̀. Àyè kẹfà sì ṣófo ní gbogbo ogún ọdún náà. Wọ́n ń gbé fìlà lé e.

Ní ọdún 1953, ọkọ̀ onígi kékeré tí wọ́n so rọ̀ lókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì já bọ́. Láti ayé baba ńlá wọn ló ti wà níbẹ̀, tó kọjú sí pẹpẹ, tó sì ń gbàdúrà fún gbogbo ẹni tó wà lórí omi. Kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán. Wọ́n a máa sọ pé àárín ìsìn ló já bọ́, pé orí ẹni tó ń sùn ló bà lé. Irọ́ bẹ́ńṣì ni ìyẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló já bọ́, kò sí ẹnì kankan nínú ilé.

Ṣọ́ọ̀ṣì létí òkun tí kò ní ọkọ̀ lókè rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ilé ìkẹ́rùsí, gbogbo ìlú sì gbà pé a gbọ́dọ̀ kan òmíràn. Irú ọkọ̀ wo? Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Asmus ní kí ó jẹ́ irú èyí tí òun darí. Jeppe ní irú ti Asmus kò yẹ fún ilé Ọlọ́run, ẹrù iyọ̀ nìkan ló yẹ fún. Ìpàdé mẹ́sàn-án ni wọ́n ṣe. Ní ìpàdé kẹsàn-án, Pásítọ̀ Hvidt, ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń rẹ́rìn-ín sínú, pa ìwé rẹ̀ dé.

"Mo ti rí ẹni tó máa kàn án," ó ní. "Ẹni tí kò ní ọkọ̀ kankan tó ń gbè lẹ́yìn."

Gbogbo ojú yí sẹ́yìn, níbi tí Villads ti ń pín kọfí.

"Oníbúrẹ́dì?" ni Jeppe wí. "Pásítọ̀, ẹni tó bì ní ẹnu èbúté?"

"Òun gan-an. Kò ní sọ pé ọkọ̀ tòun ló dára jù."

Asmus fa irùngbọ̀n rẹ̀. "Kò burú. Ṣùgbọ́n a óò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá rí àṣìṣe mẹ́ta lára rẹ̀, inú ààrò rẹ ló ń lọ, Villads, ìwọ fúnra rẹ lo sì máa tì í wọlé."

"Tí ẹ ò bá rí mẹ́ta ńkọ́?" ni Villads béèrè.

"Kí lo fẹ́?"

Ẹnikẹ́ni kò tíì bi í ní ìbéèrè yìí rí. Ó gbé ìkòkò kọfí sílẹ̀.

"Mo fẹ́ jókòó," ó ní.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, ohun tí a bá sì kọ sínú ìwé ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì, a ti kọ ọ́ nìyẹn.

Ọkọ̀ olópò mẹ́ta, gígùn rẹ̀ mítà kan àti ààbọ̀, ni Villads yàn. Ìgbà tí aago méjìlá bá lù tí búrẹ́dì ti tán, ó di àsìkò ọkọ̀. Ara ọkọ̀ kò fún un ní wàhálà púpọ̀, nítorí pé bí a ṣe ń fi èéfín omi gbígbóná rọ igi kí ó lè tẹ̀, iṣẹ́ ẹni tó ní ààrò ni. Ó to pákó pẹlẹbẹ sínú àgbá omi híhó, ó ń mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yọ kringle, ó sì ń tẹ̀ wọ́n mọ́ egungun ọkọ̀ kí wọ́n tó tutù. Ó tẹ pákó méjìlélógójì, mẹ́ta péré ló sì ṣẹ́. Àwọn tó ń pè é ní mẹ́wàá kò sí níbẹ̀.

Okùn ni òkè ìṣòro. Ọkọ̀ olópò mẹ́ta ní okùn tó dúró sójú kan láti di òpó mú, ó sì ní okùn tí a ń fà láti yí ìgbòkun padà. Okùn kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí a so ó mọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó wà níbẹ̀ fún ẹwà. Villads lọ béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá Asmus bí okùn iwájú ṣe ń lọ.

"Okùn iwájú," ni Asmus wí, ó sì tún kòkò tábà rẹ̀ tàn. "Jókòó... rárá, dúró. Ní ọdún 1911, a wà ní Valparaíso..."

Wákàtí méjì kọjá. Villads mọ orúkọ ìyàwó ẹni tó ń ta ọsàn ní Valparaíso. Kò mọ ibi tí okùn iwájú ń lọ.

Ó padà sílé, ó sì so okùn náà bó ṣe rò pé ó yẹ. Ó gbé ọkọ̀ sí ojú fèrèsé kí òróró ara rẹ̀ lè gbẹ. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Asmus já wọlé láìdé fìlà.

"Ta ló so èyí? Wá síbí. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Ó gba ibí yìí, ó kọjá abẹ́ ibí yìí, ó wá sí ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀, mo ní, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Ṣé o ti rí i? Fún mi ní búrẹ́dì dúdú kan."

Nígbà tó jáde, Villads yíjú sí Dagny ìyàwó rẹ̀, tó ń ka búrẹ́dì lórí pẹpẹ.

"Ìyá Inger, mo béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn lánàá, wákàtí méjì ni mo lò ní Valparaíso. Lónìí mo ṣì í, ó kọ́ mi ní ìṣẹ́jú mẹ́rin."

Dagny kò gbé ojú sókè. "Ṣì í lọ́la náà," ó ní.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti oṣù kẹwàá ọdún yẹn, àràárọ̀ ni àṣìṣe tuntun kan ń jókòó ní ojú fèrèsé. Villads ń yàn án bí ẹni ń yan ìdẹ fún ẹja. Bó bá fẹ́ mọ̀ bí a ṣe ń so ìdákọ̀ró mọ́lẹ̀, á so ó bí ẹni so ewúrẹ́. Bó bá fẹ́ mọ iye àkàbà okùn tó yẹ kí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òpó, á fi ẹyọ kan síbẹ̀. Kí kọfí tó hó, ọ̀gá ọkọ̀ kan ti dé. Lọ́jọ́ mìíràn, méjì á dé pọ̀, wọ́n á sì máa bá ara wọn jà lórí bó ṣe yẹ kó rí, Villads á sì gbọ́ èrò méjèèjì láìsan ohunkóhun. Lọ́sàn-án, òun àti Dagny á tú àṣìṣe náà, wọ́n á so èyí tó tọ́, wọ́n á wá ronú ti ọjọ́ kejì.

"Fi ọkọ̀ kékeré ti ìgbàlà sí abẹ́ ìgbòkun ńlá," ni Dagny á wí. "Jeppe kò ní lè mí."

"Ìyẹn ti pọ̀ jù, Ìyá Inger. Wọ́n á fura."

"Wọn ò ní fura. Ẹni tó bá ń tọ́ ènìyàn sọ́nà kì í wo ojú onítọ̀hún."

Kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ni ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Lọ́jọ́ kan, ó fa gbogbo okùn apá ọ̀tún le dan-indan-in kí ó tó bọ́ sí apá òsì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tẹ̀ sí ọ̀tún bí ọ̀mùtí mẹ́ta tó ń bọ̀ láti ilé ọtí kan náà. Jeppe ló wọlé wá. Ó kọ́ ọ pé okùn ọ̀tún kan, okùn òsì kan, ni a ń fà, ní ìdọ́gba, díẹ̀díẹ̀, kí òpó má bàa mọ ẹni tó ń fà á.

"Ṣé ọ̀kan lára tìrẹ nìyẹn?" ni Dagny béèrè lẹ́yìn tó lọ.

"Rárá," ni Villads wí. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ìka rẹ̀ kò bá iṣẹ́ náà mu rárá. Ìka ẹni tó ń po ìyẹ̀fun ni, ó nípọn, àkàbà okùn kan ṣoṣo sì gba nǹkan bí àádọ́jọ kókó kéékèèké. Fọ́nrán òwú tí Dagny ti fi ìda pa ló lò. Ó mú abẹ́rẹ́ méjì àti ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yọ egungun ẹja, ó sì kọ́kọ́ fi okùn ìyẹ̀fun pípò dán kókó náà wò lórí tábìlì títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n yan àwọn ìyẹ̀fun náà, wọ́n tà wọ́n. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń béèrè "búrẹ́dì oníkókó" títí di ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1955, Jeppe dédé yọ kòkò tábà lẹ́nu lórí bẹ́ńṣì.

"Asmus," ó ní, "ta ló ń kan ọkọ̀ yẹn?"

"Oníbúrẹ́dì ni."

"Ta ló sọ ibi tí okùn iwájú ń lọ fún un?"

"Èmi ni."

"Ta ló sọ ti òpó fún un? Èmi ni. Ta ló sọ ti ìdákọ̀ró? Àwa kọ́ là ń kàn án ni? A fẹ́ dá a lẹ́jọ́, a sì ń bá a kọ ìdáhùn."

Wọn kò fura pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣì í. Ohun tí wọ́n rò ni pé orí rẹ̀ ṣòro, àti pé inú àwọn ti dára jù. Àwọn márààrún búra níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní sọ gbólóhùn kan nípa okùn fún Villads mọ́ títí di ọjọ́ ìyẹ̀wò. Dagny gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó Jeppe kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èyí kó Villads sí ìyọnu, nítorí pé ìgbòkun onígun mẹ́ta tó wà níwájú pátápátá kò tíì yé e. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ronú àṣìṣe tí ọkàn ọ̀gá ọkọ̀ kankan kò ní lè gbà. Níkẹyìn, ó so okùn tí a fi ń fa ìgbòkun náà sí apá òsì nìkan, ó sì fi apá ọ̀tún sílẹ̀ lófìfo.

Ọjọ́ Ajé, Asmus kọjá níwájú fèrèsé. Ó dúró, ojú rẹ̀ pọ́n, ó lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn kí ó má bàa rí i, ó sì padà wá wò ó. Ọjọ́rú, ó ra búrẹ́dì lẹ́ẹ̀mejì ní òwúrọ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń gbélé. Ní Ọjọ́bọ̀, ó wọlé, ó dúró síwájú pẹpẹ, ó sì pa ojú dé.

"Kí ni kí n fún yín, Ọ̀gá?" ni Dagny béèrè.

"Mi ò fẹ́ nǹkan kan."

"Ẹ jókòó díẹ̀. Ara yín kò le."

"Ara mi le. Dagny, bá mi bi ọkọ rẹ léèrè, èmi ò bá a sọ̀rọ̀ o, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀: báwo ni ọkọ̀ yẹn ṣe máa padà wálé?"

"Báwo ni?"

"Apá kan ṣoṣo ló lè yà sí. Bó bá kúrò ní èbúté yìí, ó di kí ó yí gbogbo ayé po kí ó tó rí ilé. Àwọn ọmọ tó wà nínú rẹ̀ á ti di bàbá arúgbó. Sọ fún un pé okùn méjì ni, ọ̀tún kan, òsì kan, kí a tú ọ̀kan bí a bá fa èkejì, àti pé ọ̀tún gbọ́dọ̀ gba iwájú òpó kọjá. Èmi ò sọ nǹkan kan."

"A ti gbọ́ pé ẹ ò sọ nǹkan kan," ni Dagny wí, ó sì wé kringle kan fún un.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ńṣì kò lè kọ́ Villads, nítorí pé kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ kù díẹ̀ kó parí, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ kan tí kò sí ìsìn, ó gbé e kọ́ láti wò ó. Ó bọ́ sí ìsàlẹ̀, ó gbé ojú sókè. Ó rí ikùn ọkọ̀. Ikùn nìkan. Ọ̀ọ́dúnrún okùn tó fi ọdún kan àti ààbọ̀ so, ó dà bí ẹni pé aláǹtakùn kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ tó wá yí ọkàn padà. Ìwọ̀n gbogbo rẹ̀ tọ́, okùn kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ọkọ̀ ṣe sọ, kò sì sí èyí tó ṣeé rí.

Pásítọ̀ Hvidt bá a lórí ìdùbúlẹ̀, láàárín àwọn àga, tó da ojú sókè.

"Villads, ṣé kò sí?"

"Kò sí, Pásítọ̀. Mò ń wò ó bí ẹja ṣe ń wò ó."

"Báwo ni ẹja ṣe ń wò ó?"

"Ẹja ò rí okùn. Bí mo bá so ó bí wọ́n ṣe sọ, wọ́n á yìn mí lórí tábìlì, kò sì sẹ́ni tó máa rí i láyé mọ́. Bí mo bá fi okùn tó nípọn so ó, gbogbo ìjọ á rí i, ṣùgbọ́n wọ́n á kà á sí àṣìṣe, ó di inú ààrò."

Pásítọ̀ jókòó lórí àga tó wà nítòsí. "Kí ni ìwé wa sọ? Pé wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ó sọ pé orí tábìlì ni?"

Villads dìde jókòó. Ó lọ sílé, ó sì tú igba okùn. Oṣù mẹ́rin ló fi so wọ́n padà pẹ̀lú òwú tó nípọn ní ìlọ́po méjì. Ó sọ òpó di gígùn díẹ̀ sí i, ó sì gbẹ́ àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tí okùn ń gbà kọjá di ńlá bí ẹ̀wà. Ní àsìkò yìí, kò gbé ọkọ̀ sí ojú fèrèsé mọ́. Búrẹ́dì nìkan ló wà níbẹ̀, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ sì ń kọjá lọ kọjá bọ̀ bí ẹni tí ebi ń pa.

Ọjọ́ ìyẹ̀wò bọ́ sí Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀ lórí tábìlì kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Asmus mú irin ìwọ̀n rẹ̀ jáde nínú àpò. Kò pẹ́ rárá.

"Ẹ̀kínní," ó ní. "Okùn yìí. Nínú ọkọ̀ gidi, á nípọn tó itan mi. Èkejì: kẹ̀kẹ́ okùn wọ̀nyí, wọ́n tóbi ní ìlọ́po méjì. Villads, ṣé ààrò ti gbóná?"

"Ó gbóná láràárọ̀, Ọ̀gá. Ọ̀kan ló kù. Ẹ jẹ́ ká gbé e kọ́ kí ẹ tó wá a."

"Kí la fẹ́ gbé e kọ́ fún?"

"Nítorí pé ibẹ̀ ló ń gbé," ni Pásítọ̀ wí, ó sì ti di okùn mú.

Wọ́n fà á gòkè, iwájú rẹ̀ sí pẹpẹ. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ márùn-ún da orí sẹ́yìn. Jeppe ni ọrùn kọ́kọ́ dùn. Ó jókòó sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó fẹ̀yìn lélẹ̀ pátápátá. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Asmus ló gbẹ̀yìn, ó ń mí kíkankíkan, ó fi fìlà ṣe ìrọ̀rí. Àwọn arúgbó márùn-ún nà gbọọrọ lórí ilẹ̀ ilé Ọlọ́run bí ẹja sawá nínú agolo.

"Mo rí okùn iwájú," ni Jeppe wí jẹ́jẹ́. "Ọgọ́ta ọdún ni mo fi jókòó lábẹ́ èyí àtijọ́, mi ò rí okùn iwájú rẹ̀ rí."

"Mo rí àkàbà," ni ẹlòmíràn wí.

"Asmus, ṣé o rí bí okùn ṣe nípọn tó itan rẹ?" ni Jeppe béèrè.

Asmus gbé irin ìwọ̀n sókè, ó fi ojú kan wò ó, ó sì tún gbé e sílẹ̀. Bó ti burú tó, kò ṣe èké nípa ìwọ̀n rí.

"Láti ibí yìí," ó ní, "ó tọ́. Ẹ pa ẹ̀kínní àti èkejì rẹ́. Ẹ ràn mí lọ́wọ́ kí n dìde."

Wọ́n fi ìṣẹ́jú márùn-ún gbé e dìde. Gbàrà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó tọ́ka sí Villads.

"Ọkọ̀ kò ní àṣìṣe. Ẹni tó kàn án ló ní. Kò tíì kọjá ìlà agbedeméjì ayé. Òfin bẹ́ńṣì dàgbà ju ìwé Pásítọ̀ lọ."

Ojú Villads ṣókùnkùn. Ogún ọdún tó fi dúró pẹ̀lú méjì mìíràn tó fi kan ọkọ̀, ó rí i pé wọ́n fẹ́ gba inú ihò abẹ́rẹ́ sá lọ. Ó ń ká okùn tó ṣẹ́kù.

"Asmus," ni Jeppe wí, "nígbà tí ìwọ kọ́kọ́ kọjá ìlà yẹn, ṣé o rí i?"

"Ta ló lè rí ìlà?"

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé o ti kọjá?"

"Ẹnì kan múra bí ọba òkun, wọ́n fi ọ̀dà pa mí lójú, wọ́n fi pákó fá irùngbọ̀n mi, wọ́n sì rì mí bọ omi."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan," ni Asmus wí, ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n mú Villads kọjá ìlà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì. Wọ́n fi gèlè Dagny àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń gún ẹja sọ Jeppe di ọba òkun. Ọ̀dà kò sí nítòsí, ni wọ́n bá gba ìyẹ̀fun pípò lọ́wọ́ Dagny, ẹni tó fún wọn ju èyí tí wọ́n béèrè lọ. Wọ́n pa á mọ́ ojú Villads títí ó fi dà bí búrẹ́dì tó fẹ́ wú. Asmus fi pákó tí wọ́n fi ń gé kringle fá a. Wọ́n bi í bóyá ó gbà láti jẹ́ ọmọ òkun; bó ṣe la ẹnu láti dáhùn, wọ́n fi ìyẹ̀fun dí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e, ènìyàn mẹ́rin, wọ́n rì í bọ inú àgbá omi òjò ilé ìwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n a máa sọ pé inú èbúté ni wọ́n jù ú sí. Àgbá ni.

Jeppe gbé fìlà kúrò lórí àyè kẹfà.

Villads jókòó, omi ń kán lára rẹ̀. Wọ́n fún un ní kòkò tábà. Àṣà wọn ni pé ẹni tuntun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ìtàn. Villads wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ òtítọ́. Ó ní láti oṣù kẹwàá ọdún 1953, òun kì í ṣàdédé ṣì í. Ó ní lọ́sàn-án ojoojúmọ́ ni òun àti ìyá Inger máa ń jókòó yan àṣìṣe ọjọ́ kejì. Ó ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni òun gbà lọ́wọ́ wọn ní gbogbo àkókò náà, àti pé búrẹ́dì tí wọ́n rà nítorí rẹ̀ lé ní irínwó. Ó ní okùn apá òsì yẹn, Dagny ló sọ pé Ọ̀gá Asmus kò ní lè kọjá Ọjọ́bọ̀.

Asmus bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o," ó ní, ó ń gbá itan. "Ìyẹn ni irọ́. Ọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó, ó ti kọjá Jeppe."

"Òtítọ́ ni, Ọ̀gá," ni Villads wí.

"Bó ṣe yẹ kí a sọ ọ́ gan-an nìyẹn," ni Jeppe wí. "Ẹ ò rí i bí ojú rẹ̀ ò ṣe mì."

Villads bẹ Dagny kí ó wá jẹ́rìí. Dagny dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì, ó ní òun kò mọ ohun tí ọkọ òun ń sọ. Títí di òní, ní Bregnehavn, wọ́n ka ìtàn ojú fèrèsé yẹn sí irọ́ tó dùn jù lọ tí a tíì pa lórí bẹ́ńṣì náà.

Villads ta ilé búrẹ́dì ní ọdún 1964. Ìgbà tí a gbọ́ nípa rẹ̀ kẹ́yìn, ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, òun àti Dagny ń gbé lọ́dọ̀ Inger ọmọ wọn ní Svendborg, nínú yàrá òkè tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òpópónà.